Ọmọ Kan, Káàdì Méjì

Lotto, Mowe,
Oṣù Kẹsàn-án, 1988.

Bímpé, Àjọkẹ́ mi,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ajé, láti ọwọ́ obìnrin ìjọ wa tí ó lọ kí ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ yín ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo kà á ní ìdúró, mo tún jókòó kà á. Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún ṣì ń yọ mí lẹ́nu bí mo bá pẹ́ nídìí pákó, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ṣiṣẹ́. Oṣù keje nìyí tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀. Mo ti ń se oúnjẹ fúnra mi; iyọ̀ nìkan ni mi ò tíì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn ará ilé ń bá mi jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀.

Mo yọ̀ sí iṣẹ́ tuntun tí o rí, mo sì ti dúpẹ́ nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ oṣù yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ márùn-ún ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni. Gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yé mi, ẹ kọ ètò kan fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ta ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìfọ̀ lọ́rẹ. Nọ́ọ̀sì á tẹ orúkọ aláìsàn, káàdì rẹ̀ á sì yọ lójú ẹ̀rọ: àìsàn tó ti ṣe é, oògùn tí wọ́n fún un, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà. Ọ̀rẹ́ yín tó kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti lọ sí Kánádà, wọ́n sì ti fi ọ́ ṣe olórí. Nísinsìnyí, Káyọ̀dé àti àwọn yòókù fẹ́ kí ẹ fi ìwé yàrá oògùn kún un, kí ẹ tún fi lẹ́tà tí ẹ̀rọ yóò máa kọ sí àwọn aboyún kún un. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ ó pinnu.

O kọ ọ́ báyìí: “Bàbá mi, mi ò tíì ka gbogbo ohun tí ó kọ sílẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ní kí a dúró yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní ipò ló ń gùn mí. Àwọn méjì ti ní àwọn á lọ.” Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí bébà ti fẹ́ tán, o wá fi kún un pé nọ́ọ̀sì kan ní Ìfọ̀ kọ̀wé pé nígbà mìíràn ẹ̀rọ náà máa ń sọ pé òun kò mọ aláìsàn tí àwọn mọ̀ dájú pé ó ti wá rí. O ní bóyá wọ́n ṣi orúkọ tẹ̀ ni.

Nítorí gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ni mo ṣe lọ ra bébà.

Mi ò mọ kọ̀ǹpútà. Fọ́tò rẹ̀ ni mo rí nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, mo sì rò pé tẹlifíṣọ̀n ni. Ṣùgbọ́n mo mọ àpótí, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ń gbé nǹkan tuntun lé nǹkan tí kò yẹ̀ wò. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì. Èkínní kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èkejì ni a kò sọ fún ọ, nítorí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta nígbà náà.

Èkínní nìyí. Mo ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Ìfọ̀, ó ku díẹ̀ kí n gba òmìnira. Obìnrin kan ní Àgbàdo, nítòsí ojú irin, ní kóbọ́ọ̀dù àtijọ́ kan. Ó fẹ́ kí a kan òkè mọ́ ọn, kí ó lè kó àwo sí i. Ọ̀gá mi ní kí n lọ. Mo kan òkè náà dáadáa, mo fi gíláàsì sí i, mo kùn ún, ó ń dán. Ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo rẹ̀ dojú dé pẹ̀lú àwo inú rẹ̀. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì láti inú. Òde ṣì dà bí igi. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka rẹ̀ wọlé. Ó ní, “Ìwọ, kí o tó gbé ẹrù lé nǹkan, dojú ẹ̀ bolẹ̀ wò.” Mo ní mo gbọ́. Mi ò gbọ́, gẹ́gẹ́ bí o ó ṣe rí i.

Èkejì ṣẹlẹ̀ níbí, ní Lotto. O rántí pé àwa kan nínú ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni olórí wa. Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìyá rẹ ló ń wọn àwọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n. Èmi ni akọ̀wé, nítorí mo ka Ìwé Mẹ́fà tán, ọwọ́ mi sì dára. Èmi náà ni mo kan àpótí káàdì, pẹ̀lú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, A lọ́tọ̀, B lọ́tọ̀, títí dé Y. Àwọn ènìyàn láti Ibafo wá wò ó. Mo gbádùn kí wọ́n máa wò ó.

Nígbà tó pé ọdún kan àti díẹ̀, mo ní kí a fi àpótí kejì kún un fún àwọn aboyún, kí a sì fi ẹ̀kẹta kún un fún àwọn àgbàlagbà. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a délé, ó ní òun ti ń kíyè sí i pé káàdì inú àpótí náà pọ̀ ju ọmọ tí òun ń wọ̀n lọ. Mo ní àwọn kan ti kó lọ sí Èkó. Ó ní òun mọ àwọn tó kó lọ, wọn ò tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Bímpé, ẹ jẹ́ ká tú ti àkọ́kọ́ yìí wò ná.”

Mo ní tí mo bá parí èkejì. Mo ti ra pákó, mo ti gé e. Àjọkẹ́, mo fẹ́ kí o mọ bí ó ti rí lára mi: kì í ṣe pé mi ò gbà á gbọ́. Ó sú mi ni. Ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń ka káàdì àtijọ́?

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò, Mosúnmọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní Àgbàdo, nítorí náà ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà ló ń gbé. Nígbà àkọ́kọ́, ìyá rẹ̀ ló gbé e wá. Màmá Nọ́ọ̀sì fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìnì, gbogbo ara ọmọ náà sì sú. Màmá Nọ́ọ̀sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fún un mọ́. Wọ́n fi káàdì náà sí M.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ikọ́ mú un. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú un wá. Mo bi í pé kí ni orúkọ ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ẹyínfúnjowó.” Mo wá a ní Ẹ, n kò rí i. Mo ya káàdì tuntun fún un. Mo kọ orúkọ náà rèterète.

Ìgbà kẹta, ibà àti ọ̀fun dídùn ni. Ìyàwó yẹn náà ló tún mú un wá. Màmá Nọ́ọ̀sì kò sí nílé; nọ́ọ̀sì mìíràn ló wá ràn wá lọ́wọ́. Mo fa káàdì Ẹyínfúnjowó yọ fún wọn kíákíá, inú mi sì dùn pé ó yá bẹ́ẹ̀. Kò sí yíǹkì pupa kankan lórí rẹ̀. Wọ́n gún un ní pẹnisílìnì.

Kí a tó ka ogún, ojú ọmọ náà ti wú, èémí rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí ń fà á gba ojú abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì náà ṣe ohun tó mọ̀. A dá ọkọ̀ tó ń kó yanrìn dúró ní ojú ọ̀nà márosẹ̀, ìyá rẹ gbé ọmọ náà lé itan níwájú, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi dúró ti àpótí. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè dúró tì.

Ọmọ náà kò kú. Ọjọ́ kẹta ni ó tó lè gbé omi mì dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sílé wa, kò bínú, ìyẹn sì nira fún mi ju ìbínú lọ. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ orúkọ ọmọ náà fún mi.

Ó gbé ojú sókè wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí kò bọ́gbọ́n mu. Ó ní, “Bàbá, àbúrò ọkọ mi ni. Ó ti wà nílé kí n tó dé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu pe orúkọ rẹ̀?”

Òótọ́ ni. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Yóò sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn tó dára, èyí ni yóò sì máa pè é títí ayé. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ìyẹn? Ìyá tèmi pe àbúrò bàbá mi ní Ìgbálájá títí tí ó fi kú. Ìyá tìrẹ wà nílé mi ní ọdún kejìdínlógún lọ́jọ́ náà, kò sì tíì pe àbúrò mi lórúkọ rí. Akọ̀wé ló ń pè é. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó ti àpótí, mo di ẹni tí kò gbé ilé Yorùbá rí. Ìbéèrè mi dára lórí bébà, kò dára lẹ́nu ẹni tí mò ń bi.

Ìyá rẹ kò ní “mo sọ fún yín.” Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó da gbogbo káàdì sí i. Sátidé mẹ́rin ni a fi tò wọ́n, a kò ṣe nǹkan mìíràn ju kí a gba ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Àwọn obìnrin ló bá wa tò ó. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín gan-an. Ọ̀kan ní, “Bàbá Bímpé, ẹ̀yin tí ìyàwó yín ń pe àbúrò yín ní Akọ̀wé, ọ́fíìsì wo lẹ rò pé ó ń lọ?” Àbúrò mi, gẹ́gẹ́ bí o ti mọ̀, bíríkìlà ni.

Ju ọgbọ̀n ọmọ lọ ló ní káàdì méjì. Mẹ́ta ní mẹ́ta.

Mo ní ó ti yé mi wàyí: kí a máa béèrè orúkọ bàbá ọmọ. Àwọn obìnrin tún rẹ́rìn-ín. Bí ìyàwó kò bá lè pe orúkọ àbúrò ọkọ, ṣé ti bàbá ọkọ ni yóò wá pè? Sátidé kan gbáko ni mo fi ṣe àtúnṣe tí kò tún nǹkan kan ṣe. Ìyá rẹ ló wá ní, ṣé ọmọ náà kò lẹ́nu ni? Kí a bi ọmọ fúnra rẹ̀; bí ó bá kéré jù, kí a bi aládùúgbò tó bá tẹ̀lé wọn wá; kí a sì kọ orúkọ tí ìyàwó ń pè é sí ẹ̀yìn káàdì kan náà. Nígbà tí Mosúnmọ́lá padà wá fún ìyẹ̀wò, mo tẹ̀ ba níwájú rẹ̀, mo bi í lórúkọ. Ó sọ ọ́ ketekete. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, “Ẹ ò bi mí.”

Ìyẹn ni ìtàn náà. Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo rí fà yọ nínú rẹ̀.

Èkínní, “ó ń ṣiṣẹ́” kì í ṣe ẹ̀rí. Àpótí mi ń ṣiṣẹ́. Ó yá ju bó ti yẹ lọ lọ́jọ́ tó fẹ́ pa ọmọ. Bí ilé ìwòsàn bá kọ̀wé pé ẹ̀rọ kò mọ ẹni tí àwọn mọ̀, má sọ pé wọ́n ṣi orúkọ tẹ̀ kí o tó wádìí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá ìyàwó ilé kan ló ń rẹ́rìn-ín díẹ̀ níwájú tábìlì kó tó dáhùn.

Èkejì, ka ohun tí ọ̀rẹ́ yín kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o sì kọ ohun tí kò bá yé ọ sílẹ̀. Má ní kí Káyọ̀dé bá ọ kà á. Olórí kì í rán ènìyàn lọ wo ìpìlẹ̀. Bí o bá rí àṣìṣe, má ṣe sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ẹni tó ti lọ. Ó fún yín ní ohun tó mọ̀ lásìkò rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀wé sí i, bi í ní pẹ̀lẹ́. Èmi pàápàá ni mo kan àpótí mi, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bú. Mo wá rí i pé bíbú kò wúlò.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ṣòro jù. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ oṣù. Níbi iṣẹ́ oṣù, ọ̀gá lè ní kí o dúró. Níbi iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ọpẹ́ ni owó oṣù, nǹkan tuntun ló sì ń mú ọpẹ́ wá. Nígbà tí a da káàdì sórí ẹní, ènìyàn mẹ́ta nínú wa kò wá mọ́. Wọ́n ní àwọn kò gba kọ́bọ̀, a tún sọ àwọn di ọmọ iléèwé. Ọ̀kan ṣì ń kọjú sí ibòmíràn bí ó bá rí mi ní Mowe títí di òní. Nítorí náà, mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò sí ẹni tí yóò lọ. Àwọn méjì yẹn lè lọ. Kí wọ́n lọ, kí o sì máa kí wọn. Ìwọ àti ẹni kan tó kù lè tú àpótí. A tú tiwa pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin.

Tètè sọ fún ilé ìwòsàn náà pẹ̀lú. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àfikún yóò pẹ́, kí wọ́n sì máa fi ẹnu béèrè nípa oògùn tí ara kò gbà, kí wọ́n má gbára lé ojú ẹ̀rọ nìkan, títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀. Èyí kò lè dúró de ìpàdé. Ṣe é kí o tó sùn lọ́jọ́ tí ìwé yìí bá dé.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ń fi orúkọ wá ọmọ, ẹ ò sì tíì wo ilé. Gbogbo yín ni ẹ jáde nílé ní ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀. Kò sí ẹni tó ti ṣe ìyàwó ilé nínú yín. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, ṣùgbọ́n ẹ ní láti bi ẹni tó ti ṣe é.

Ohun kan kù tí mi ò sọ rí. Àpótí kejì àti ẹ̀kẹta di kíkàn níkẹyìn, wọ́n sì dára, nítorí a ti mọ ìbéèrè tó yẹ. Àwọn ará Ibafo tún wá wò wọ́n. Wọ́n kí mi, mo sì gba ìkíni náà. Ìyá rẹ wà nítòsí, ó ń nu òṣùwọ̀n. Mi ò nawọ́ sí i, mi ò ní òun ló rí i. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ní àyè láti sọ ọ́ fún un nínú ilé wa yìí, mi ò sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó wà ni, òun ni ì bá kọ lẹ́tà yìí, ì bá sì kúrú. Nígbà tí o bá rí ẹni tó kíyè sí nǹkan kí ìwọ tó rí i, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì Ìfọ̀ tó kọ̀wé yẹn, dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo mọ̀ pé o kò rí àyè wá síbi ìsìnkú. Má gbé e sọ́kàn mọ́. A sin ín dáadáa, orin tó fẹ́ràn ni wọ́n kọ.

Mo fi bébà kan sínú àpò ìwé yìí. Mo ti yí ká ilé wa àti ilé kejì, mo dé Ibafo pẹ̀lú, mo bá àwọn ìyàwó ilé sọ̀rọ̀, àwọn ìyá ọkọ wọn sì bá wa dá sí i. Wọ́n gbà kí n kọ ọ́. Ọmọ méje ni, orúkọ mẹ́rìnlá: orúkọ tí ìyá bí wọn sọ wọ́n lápá òsì, èyí tí ìyàwó ilé ń pè wọ́n lápá ọ̀tún. Tẹ gbogbo wọn sínú ẹ̀rọ yín bí ẹni pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wá. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ ìpàdé, má bá Káyọ̀dé jiyàn, má sọ pé bàbá rẹ ló ní kí o ṣe é. Ní kí òun fúnra rẹ̀ bi ẹ̀rọ náà pé ènìyàn mélòó ló wọlé.

Bí ó bá ní méje, ẹ fi ohun tí ẹ bá fẹ́ kún un, kí o sì sọ lẹ́tà mi nù. Bí ó bá ní mẹ́rìnlá, ẹ tẹ́ ẹní.

Bàbá rẹ,
tí ń kí ọ láti Mowe.